Káńtà Aláṣọ ní Ṣàpọ́n

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa nílé lóko. Manchester ni mo wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta ló wà lẹ́nu mi lónìí. Ilé petẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà ní Ṣàpọ́n tí àwọn olówó ti ń yọjú sí, wọ́n fẹ́ rà á, kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi pláàsà tuntun síbẹ̀. Ó dùn mí gan-an ni.

Ní 1901 tí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ó ti gba Abẹ́òkúta kọjá. Bí reluwé ṣe ń kó èso oko wa lọ ló ń kó aṣọ, iyọ̀ àti páànù bọ̀. Àwọn oníṣòwò òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sáàárín ìlú, ilé tí mò ń wí yìí sì wà lára wọn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, òkè ni aṣojú wọn ń gbé.

Aṣọ funfun ni ọjà tó mówó wọlé jù níbẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi, aláró Ìtòkú, wà lára àwọn tó ń rà á. Wọ́n á fi ìko so ó, tàbí kí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i, kí wọ́n tó rì í sínú ìkòkò aró. Àwìn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba aṣọ yẹn. Bí àdìrẹ bá tà, wọ́n á san owó. Bí kò bá tà, gbèsè ń dúró dè wọ́n. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ọrùn àwọn ìyá wọ̀nyí ló wọ̀. Àwọn kan ti ń lo sódà àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè tètè yá, àwọn oníbàárà sì ń pariwo pé aṣọ ò dára mọ́. Ní 1936, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de méjèèjì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ aró ṣe wúwo tó nígbà náà, tó fi dé ààfin!

Àwọn òyìnbó lọ. Ilé yẹn di ilé ìkẹ́rù, ó di ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì gba òkè fún ìgbà díẹ̀. Ní báyìí, àwọn tó ń tún fóònù ṣe àti àwọn oní-POS ló wà nísàlẹ̀. Kò bí mi nínú rárá. Bí ènìyàn ò bá gbé inú ilé, òjò àti ikán á gbé e. Àwọn tó ń háyà yìí ló gba ilé náà là.

Káńtà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, igi ìrókò ni. Wọ́n gbá ìṣó idẹ sí etí rẹ̀, láti ìṣó kan sí èkejì sì jẹ́ yáàdì kan. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn aṣọ fún ìyá mi àgbà. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ ló fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ń jó wáyà lórí rẹ̀, ó ní òun ti ń wò ó pé kí ni wọ́n ń fi ìṣó yìí ṣe. Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ nu ìṣó náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n yọ wọ́n o.”

Ní ìlú tí mo wà yìí, ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Royal Exchange, níbi tí wọ́n ti ń ná òwú. Wọ́n ná an kẹ́yìn ní 1968. Ní 1976, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ó di tíátà. Iye owó ọjọ́ ìkẹyìn ṣì wà lókè ògiri títí di òní. Mo máa ń gbójú sókè wò ó. Owó òwú ló wà níbẹ̀. Orúkọ obìnrin Ẹ̀gbá kankan kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn náà wà lára àwọn tó ra aṣọ Manchester.

Ohun tí mo ń bẹ ẹbí tó ni ilé Ṣàpọ́n ni pé kí ẹ ṣe pláàsà yín, ṣùgbọ́n inú ilé yẹn ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ fi káńtà sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn aláró sára ògiri. Ẹ̀yin tí ìyá yín gba aṣọ láwìn níbẹ̀, ẹ ká ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ ìyá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dá.