Òkè Bàbà Ynys Môn: Ọ̀rọ̀ Ṣáájú Ìrìn Àjò Wa sí Wales

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àwọn kan ti ń bi mí pé kí la fẹ́ lọ wò nínú kòtò nígbà tí etíkun wà nítòsí. Etíkun ò ní sá lọ. Kòtò tí mo ń mú yín lọ wò yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ìran wa.

Mynydd Parys ni wọ́n ń pè é, lẹ́bàá ìlú kékeré Amlwch, ní erékùṣù tí àwọn ará Wales ń pè ní Ynys Môn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Anglesey. Bàbà ni wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ ti ń wa á láti nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n 1768 ni wọ́n kan ibi tó ti pọ̀ jù. Kò pé ogún ọdún tí ibẹ̀ fi di ibi ìwakùsà bàbà tó tóbi jù ní Yúróòpù. Ẹ̀tù ni àwọn ọkùnrin fi ń fọ́ àpáta. Àwọn obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Copar Ladis, á wọ ìbọ̀wọ́ tó ní irin sí ọwọ́ òsì, wọ́n á fi òòlù fọ́ òkúta náà wẹ́wẹ́.

Ẹ wọ bàtà tó nípọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n bí osùn níhìn-ín, ó pupa rúsúrúsú lọ́hùn-ún, koríko ò sì fẹ́ hù. Ẹ má bọ ọwọ́ sínú omi, ásíìdì ló kún inú rẹ̀. Omi yìí náà ni wọ́n fi dọ́gbọ́n o: wọ́n á da àlòkù irin sínú adágún, irin á máa yọ́ lọ, bàbà á sì ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀.

Agbẹjọ́rò kan, Thomas Williams, ló wá gba àkóso ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Twm Chwarae Teg, ìyẹn Tom tí kì í rẹ́ni jẹ. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Bàbà rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo ìdí ọkọ̀ ojú omi kí kòkòrò má baà jẹ igi rẹ̀, ọkọ̀ ogun àti ọkọ̀ akẹ́rú. Ní 1788, nígbà tí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ń jíròrò òfin lórí òwò ẹrú, Williams kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí wọn pé òun àti àwọn alájọṣe òun ti ná £70,000 sórí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà tí Áfíríkà nìkan ń rà. Mánílà wà lára ọjà yẹn, ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi ń ra ènìyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, owó ẹyọ ló gbilẹ̀. Ìhà Bonny àti Calabar ni mánílà ti jẹ́ owó.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí pọ̀ mọ́ ère idẹ Ìbìní o. Ìwádìí tó jáde ní 2023 fi hàn pé agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni púpọ̀ nínú idẹ yẹn ti wá.

Bí àyè bá wà, a ó ya Penrhyn, níbi tí wọ́n ti ń gé òkúta pẹlẹbẹ fún òrùlé, irú síléètì tí àwọn bàbá wa fi kọ́ ábídí. Owó oko ìrèké Jàmáíkà ni Richard Pennant, tó ni ibẹ̀, fi là á. Nígbà tí ìjọba fòpin sí oko ẹrú, ìdílé náà gba £14,683 owó gbà-má-bínú lórí ènìyàn 764 tí wọ́n fi ṣe ẹrú. Àwọn ẹrú fúnra wọn ò gba kọ́bọ̀.

Greenfield, nísàlẹ̀ Holywell, la ó dé kẹ́yìn. Omi kànga mímọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ń wá gba ìwòsàn níbẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀, òun ló sì yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi rọ bàbà Williams láyé ìgbà yẹn. Ògiri ilé iṣẹ́ náà ṣì dúró láàárín igi. Àwọn òbí máa ń kó ọmọ wá síbẹ̀ láti fún ewúrẹ́ lóúnjẹ.