Orúkọ Àwọn Ọmọ Wa Tí Ogun Gbé Lọ: Ìlú Wọn Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngán, mo kí yín o. Àkókò tí wọ́n fún mi kò pọ̀, nítorí náà ibi tó ń dùn mí jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlú kéékèèké wa fi ọmọ sílẹ̀ fún ogun òkèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò padà. Ẹ fi ibi tí a kọ orúkọ wọn sí nínú ìlú tí wọ́n ti jáde lọ hàn mí.

Lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní lọ́dọọdún, ìyẹn Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ológun, ààrẹ a fi òdòdó sàyẹ́sí àwọn ológun tó ti kú l'Ábújà, àwọn gómìnà a ṣe é ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ wọn, wọ́n a yìnbọn, wọ́n a tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni a ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí ni a ṣe gbé e wá síbẹ̀. N kò bá ètò yẹn jà. Ohun tí mo ń bá jà ni pé iwájú ère sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Àwọn òyìnbó tó dá irú ère bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é: ìbọn ńlá ti ba òkú àwọn ọmọ wọn jẹ́ débi pé wọn kò lè dá wọn mọ̀. Àwọn tiwa ńkọ́? Nígbà tí wọ́n wọṣẹ́ sójà, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà, wọ́n kọ orúkọ wọn, wọ́n kọ ìlú wọn. A mọ̀ wọ́n. A kàn kọ̀ láti dárúkọ wọn ni.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀. Nínú iṣẹ́ ológun ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso wa, orúkọ ìlú ọ̀pọ̀ sójà ni wọ́n so mọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ óò rí irú orúkọ bíi Òjó Ìbàdàn, Lawal Ìlọrin, Àjàyí Ọ̀yọ́. Àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ológun ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Commonwealth War Graves Commission, ti kó àwọn orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ ìlú yín síbẹ̀, kí ẹ tún tẹ orúkọ ìlú ńlá tó sún mọ́ yín, nítorí ọmọ abúlé lè fara pamọ́ sábẹ́ ìlú ńlá. Bí wọ́n ṣe kọ Yorùbá nígbà náà kò rí bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí, ẹ yáa dán oríṣiríṣi wò.

Ní Taukkyan, nítòsí Yangon ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, orúkọ bíi 27,000 ló wà lára òpó òkúta ìrántí tí wọ́n ń pè ní Rangoon Memorial, orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ sàréè wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, àfi kó wọ bàálù lọ sí Éṣíà. Kí ló dé tí orúkọ náà kò fi sí ní gbọ̀ngán ìlú rẹ̀?

Ẹ̀yin mọ ìtàn ogun Bọ́mà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dáadáa, n kò ní tún un rò látòkèdélẹ̀. Ẹgbẹ́ ológun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti 81 àti ti 82 ló lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀ ju ọmọ ilẹ̀ yòókù lọ. Ní àfonífojì Kaladan, wọ́n la ọ̀nà jíìpù gba orí òkè, wọ́n ru ẹrù lórí, bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà. Ní 1944, àwọn ará Jàpáànì já lu ẹgbẹ́ olùtọ́jú aláìsàn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n yìnbọn fọ́ egungun itan rẹ̀. Àwọn ará abúlé, pàápàá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shuyiman, ló fi òun àti ẹnìkejì rẹ̀, ọmọ Sàró (Sierra Leone), pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ó padà délé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀, ó kú ní 2012. Nítorí pé ó padà délé la ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mò ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí. Ní 1923, Guggisberg, gómìnà Gold Coast tí í ṣe Gánà òní, sọ ní Lọ́ńdọ̀nù pé ọmọ ìbílẹ̀ lásán kò ní mọ ìtumọ̀ òkúta orí sàréè, kò sì ní mọyì rẹ̀. Aṣojú àjọ sàréè dá a lóhùn pé bóyá ní igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sí i, nígbà tí ojú wa bá là, inú wa yóò dùn láti rí i. Nípa wa ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀! Àwa tó jẹ́ pé bí jagunjagun bá kú sójú ogun tó jìnnà, tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gé wá kí ẹbí lè rí nǹkan sin. Kò sí òkúta tó sọ ju ìyẹn lọ. Ọdún 2021 ni àjọ náà tó tọrọ àforíjì. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú: Guggisberg ti kú tipẹ́, ta ló wá ń dí wa lọ́wọ́ báyìí?

Àwọn kan yóò sọ pé ogun òyìnbó ni, kò kàn wá. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, kò sì mú ọpọlọ dání. Àwọn kan náà ló ń fi Adékúnlé Fájuyì, ọ̀gágun ọmọ Adó-Èkìtì, yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ibo ni Fájuyì ti gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross? Ní Kóńgò, lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kóńgò kì í ṣe Adó-Èkìtì. Bí ọ̀gágun bá lè lọ jagun ilẹ̀ onílẹ̀ ká sì gbé ère rẹ̀ ró, kí ni kúrúùtù tí kò ní ipò ṣe tí a kò fi lè kọ orúkọ rẹ̀?

Wọ́n ti ń juwọ́ sí mi pé àkókò ti lọ. Ti ogun abẹ́lé, ti Làìbéríà àti Sàró lábẹ́ ECOMOG, ẹgbẹ́ ológun àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti Boko Haram ní Borno: ọ̀nà kan náà ni, ó tilẹ̀ rọrùn, nítorí àwọn ìyàwó àti ọmọ wọn wà láàyè. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣí ìwé kan, ó parí.

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí kí ìyá àgbà kan tó dìde ní iwájú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìbéèrè wọn bí wọ́n ṣe bi í: “Bàbá tó bí ìyá mi kì í ṣe sójà. Alárù ni. Wọ́n mú un lọ sí ogun Kàmẹ́rúùnù, kò padà. Ṣé ìwé yín máa gba tirẹ̀?”

Ìyá, ó máa gbà á. Ìbéèrè yín sì ti yí iṣẹ́ yìí padà. Ní ogun Jámánì àkọ́kọ́, ìyẹn Ogun Àgbáyé Kìíní, ní Kàmẹ́rúùnù láti 1914 dé 1916 àti ní ìlà-oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn náà, orí alárù ni oúnjẹ àti ọta ìbọn ń gbà dé iwájú ogun. Ebi àti àìsàn pa wọ́n bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìwádìí tí àjọ sàréè náà gbé jáde ní 2021 ní ó kéré tán, ẹni 116,000 tó kú nínú ogun àkọ́kọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kó tó 350,000, ni wọn kò fi orúkọ ṣèrántí tàbí tí wọn kò ṣèrántí rárá. Ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ti alárù, íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ràn wá lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn dáadáa rí.

Nítorí náà, kí àwọn ọ̀dọ́ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná. Orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn àgbà tó mọ orúkọ alárù kò dúró dè wá. Ẹ máa lọ láti agbo ilé dé agbo ilé. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló lọ tí kò dé? Oríkì wo ni ìyá rẹ̀ fi ń pè é? Ta ni wọ́n sọ lórúkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà? Ẹ gba ohùn wọn sínú fóònù. Ẹni tó bá ní àmì ẹ̀yẹ ogun, fọ́tò tàbí ìwé ológun nílé, kó mú un wá ká ya àwòrán rẹ̀, ká dá a padà lójú ẹsẹ̀. Lójú ìwé kan náà ni ká kọ alárù àti sójà sí, kí a má pín wọn. Bàbá àgbà ìyá yìí ni a ó fi ṣáájú. Mo ti bẹ akọ̀wé kó gba orúkọ náà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó kúrò níbí.