Wombat àti koala: ẹbí kan náà ni wọ́n

Ẹ wo ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà méjì yìí dáadáa. Koala nìyí: orí igi ló ń gbé, ewé igi yukalíptọ́ọ̀sì ló ń jẹ, oorun rẹ̀ sì lè tó wákàtí 20 lójúmọ́. Wombat ní tirẹ̀ sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ó ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ bí òkété. Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹranko alápò, àwọn tó ń gbé ọmọ sínú àpò ara wọn, tó wà láyé lónìí, kò sí èyí tó bá koala tan tó wombat.

Ẹ wo àpò wọn. Òkè ni ẹnu àpò kangarúù kọjú sí. Ẹ̀yìn ni ti wombat kọjú sí, kí yẹ̀pẹ̀ má baà dà lé ọmọ lórí nígbà tí ìyá bá ń walẹ̀. Koala ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀ náà ṣí sí, lórí igi lọ́hùn-ún! Ó sì rí i lò: ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ ti ń yọrí jẹ irú ìgbẹ́ rírọ̀ kan lára ìyá. Ẹ má yínmú o. Inú ìgbẹ́ náà ni kòkòrò àìfojúrí tí yóò máa bá a da ewé líle yẹn wà.

Ní 1973, àwọn onímọ̀ lọ sí adágún Pinpa, ní Gúúsù Ọsirélíà. Adágún náà ti gbẹ. Wọ́n ń fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún amọ̀; bí ọ̀pá bá ti kan nǹkan líle, wọ́n á gbẹ́ ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe kan egungun tó ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 ọdún sẹ́yìn nìyẹn. 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ́ lórúkọ: Mukupirna nambensis. Ó wúwo tó 150 kílò!

Kì í ṣe babańlá wombat gan-an. Ìbátan tó sún mọ́ ọn ni. Apá rẹ̀ ki, apá awalẹ̀ pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ní gbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ eyín wombat òde òní kò ní; ó ń hù títí tó fi máa kú ni, torí koríko líle ń jẹ ẹ́. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: apá ló kọ́kọ́ dé, eyín ló tẹ̀ lé e.

Ní ti koala, Riversleigh, ní ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà, ni wọ́n ti rí egungun àwọn koala kéékèèké tó gbé inú igbó kìjikìji. Nígbà tó yá, ilẹ̀ Ọsirélíà gbẹ, yukalíptọ́ọ̀sì gbalẹ̀. Koala dì mọ́ ewé tí ọ̀pọ̀ ẹranko ń sá fún nítorí oró inú rẹ̀. Wombat ní tirẹ̀ gba koríko mú.