Ta ló hun sẹ́dà Spitalfields gan-an?

Ẹ wo fèrèsé òkè àjà yẹn, ẹ̀yin tèmi. Ó fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àbí? Spitalfields nìyẹn, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́. Àwọn ahunṣọ ni wọ́n fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé orí òfì.

Ẹ kúkú mọ̀ nípa àwọn Huguenot, ìyẹn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé: ní 1685, Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, wọ́gi lé òfin tó ń dáàbò bò wọ́n, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò níbẹ̀, àwọn ahunṣọ kan lára wọn wá sí Spitalfields. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í rèé. Ẹ ó ní ọkùnrin ahunṣọ kan sá wá, ó gbé òfì kalẹ̀, ó là. Rárá o! ÌDÍLÉ ló sá wá, ÌDÍLÉ ló ń hun aṣọ! Ìyàwó àti ọmọbìnrin ló ń wé fọ́nrán sẹ́dà sára kẹ̀kẹ́. Ọmọdé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, á máa fa okùn kí òdòdó lè yọ lára aṣọ. Bó bá fa èyí tí kò yẹ, òdòdó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìsẹ́yìn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Obìnrin ló ran òwú, ọkùnrin jókòó ti òfì, òun la wá ń kí kú iṣẹ́.

Àwọn obìnrin Spitalfields kan tún ń hun aṣọ fúnra wọn. Ìjà dé! Ìwé owó iṣẹ́ ọdún 1769 ní obìnrin kò gbọdọ̀ hun èyí tí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá ju pẹ́nsì 5½ lọ lórí ẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ìwọ̀n aṣọ àtijọ́. Iṣẹ́ olówó gidi di ti ọkùnrin. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀! Ìwé yẹn kan náà ní bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n gba obìnrin sí iṣẹ́ yòówù. Ṣé ìró ìbọn ló ń kọ́ wọn níṣẹ́ ni?

Kì í sì í ṣe Faransé nìkan ni wọ́n ti wá. Ní nǹkan bí 1728, Anna Maria Garthwaite, ọmọ àlùfáà láti Lincolnshire, tí kò lọ́kọ, kó wá sí Spitalfields pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ opó. Òun ló ń ya òdòdó fáwọn ahunṣọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán rẹ̀ wà ní Victoria and Albert Museum títí dòní, orúkọ ahunṣọ tó rà á sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ wá orúkọ ẹni tó wé òwú rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi.