Àyè Mìlímítà Méjì: Bí Egbò Kò Ṣe Ní Dá Sí Imú Ọmọ Tó Wà Lórí CPAP

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì yàrá ìkókó, láti ilé ìwòsàn Wesley Guild níhìn-ín ní Iléṣà títí dé Ilé-Ifẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Kò pọn dandan kí imú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé dá egbò nítorí pé ó wà lórí CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba imú ọmọ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè là sílẹ̀. Bí a ṣe so rọ́bà kékeré tó ń wọ ihò imú mọ́ ọn ló sábà máa ń fà á, ọwọ́ wa náà sì ni ìdènà rẹ̀ wà.

Ògiri tó pín ihò imú méjèèjì níyà ni ká máa ṣọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo eegun rírọ̀ ibẹ̀. Bí rọ́bà bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè débẹ̀, awọ á sì kú. Ọmọ tí wọ́n bí kó tó pé ọ̀sẹ̀ 32, tàbí tí kò wọ̀n tó gíráàmù 1,500, lewu fún jù. Bó bá sì ṣe pẹ́ lórí CPAP tó ni ewu ń pọ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìgò omi. Bí ẹnu rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ jáde bá wọ omi inú ìgò náà ní sẹ̀ǹtímítà 5, agbára afẹ́fẹ́ tó ń la ẹ̀dọ̀fóró ọmọ sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà omi 5 náà, omi á sì máa hó. Bí omi bá dákẹ́, ọwọ́ á ti yá láti ti rọ́bà wọ imú sí i, tàbí láti fa okùn fìlà tó di rọ́bà mú le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan ni. Ẹ wo ẹnu ọmọ. Bó bá là sílẹ̀, ẹ ká aṣọ kékeré sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ yẹ gbogbo ibi tí rọ́bà ti so pọ̀ wò, kí ẹ sì wò ó bóyá afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo rọ́bà imú fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń mú kí àwọn kan yan èyí tó kéré, bẹ́ẹ̀ èyí tó kéré náà ló ń yí kiri, tó ń ha imú, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jò. Èyí tó bá a mu á kún ihò imú láìjẹ́ kí etí ihò náà funfun.

Láàárín ìdí rọ́bà àti ògiri imú, ẹ fi àyè mìlímítà 2 sílẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ fojú ara yín rí i. Fìlà náà ṣe pàtàkì: bó bá kéré, á máa sún gòkè, á fa rọ́bà mọ́ imú, ṣóńṣó imú ọmọ á sì gbé sókè. Plásítà hydrocolloid, èyí tó rọ̀ tó ń dáàbò bo awọ, dára lábẹ́ imú, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò àyè yẹn. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì ní ọ̀rinrin. Gbígbẹ rẹ̀ ń mú kí inú imú bó.

Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń fún ọmọ ní wàrà, bíi wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ yọ rọ́bà díẹ̀ kí ẹ wo imú. Àmì àkọ́kọ́ ni pípọ́n tí kì í lọ. Lára ọmọ tó dúdú, ó lè jẹ́ pé dídán, wíwú tàbí dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni ẹ máa rí. Ìpele kejì ni kí awọ bó. Ìkẹta, kí ẹran ibẹ̀ kú, èyí tó lè ba ìrísí imú jẹ́ títí ayé. Ẹ má dúró de ìkejì. Bí ẹ bá ti rí àmì àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ rọ́bà sí ìbòmú CPAP tó ń bo imú láìwọ ihò rẹ̀, kí ẹ máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, torí ìbòmú náà ń tẹ orí imú àti ibi tí imú ti pàdé ètè. Bí awọ bá ti bó, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi àyè mìlímítà 2 náà han ìyá tó gbé ọmọ sáyà. Ẹ sọ fún un pé bí kò bá rí i mọ́, kó pè yín, kódà lóru.