Ta Ni Àìsàn Ń Ṣe, Níbo, Látìgbà Wo?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Kí n tó sọ ohunkóhun: mélòó nínú yín ló fi Public Health, ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ, ṣe àkọ́yàn nínú fọ́ọ̀mù JAMB? Ọwọ́ mẹ́ta péré. Ẹ̀yin tó kù, Medicine lẹ kọ síbẹ̀, máàkì ò gbé e, ni wọ́n bá tì yín síbí. Ẹ má tijú, èmi náà nìyẹn. Ìgbà tí mo délé, ìyá mi ní, "Ṣé wọ́n á máa pè ẹ́ ní dókítà?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Wọlé-wọlé lo fẹ́ dà nìyẹn."

Wọn ò kúkú purọ́. Wọlé-wọlé tó ń yọjú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíji wà níbẹ̀, bàbá iṣẹ́ wa ni.

Àwọn àgbà ní bí sòbìyà yóò bá degbò, olúgàǹbe là á ké sí. Òwe dókítà nìyẹn, ó dúró de egbò. Tiwa ni ká bèèrè pé omi wo ni onítọ̀hún mu. Ẹni tó bá mu omi adágún tí kòkòrò sòbìyà wà nínú rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni aràn tó gùn tó mítà kan á máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń ta á bí iná, ló bá ki ẹsẹ̀ bọ omi kó lè tutù, aràn a sì da ọmọ sínú omi tí gbogbo abúlé ń mu. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ní Ìdèrè, nílẹ̀ Ìbàràpá, àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn èèyàn tó gbà pé sòbìyà wà lára èèyàn látọ̀runwá, bí iṣan. Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò fi aṣọ sẹ́ omi nítorí iṣan ara rẹ̀? Ẹ ní láti jókòó ti bàbá tó gbà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Health Education nìyẹn, òun lẹ sì máa ń fojú di.

Èyí tẹ́ ẹ máa ń sá fún ni Biostatistics, ìyẹn ìṣirò ọ̀rọ̀ ìlera. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ka sòbìyà káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, ó lé ní 650,000 èèyàn tí wọ́n rí. Ìkà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ abúlé tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga sí, èyí tó yẹ kí wọ́n pín asẹ́ fún. Ní 2008 la rí ti ìkẹyìn, ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìyà ti tán nílẹ̀ wa. Asẹ́, kànga àti ìwàásù ló ṣe é.

Ti Ebola náà ńkọ́, ní 2014? Dókítà Ameyo Adadevoh ò jẹ́ kí aláìsàn tó gbé e wọ Èkó jáde nílé ìwòsàn, àrùn náà sì pa dókítà ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn tó ń kanlẹ̀kùn. Èèyàn bí 890 ni wọ́n tọpa, wọ́n ń wo bí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná sí fún ọjọ́ 21. Ẹni 20 ló kó o ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Nínú ìlú tó kún bí Èkó!

Ọdún mẹ́rin lẹ máa lò, pẹ̀lú I.T., ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níta. Ní ti iṣẹ́, mi ò ní tàn yín: ìjọba ìbílẹ̀ wà, àwọn NGO wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ máa ní kẹ́ ẹ lọ gba Master's wá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Ẹ dúró nídìí kànga àdúgbò yín láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ ka àwọn tó wá fa omi, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn bí ṣáláńgá ṣe jìnnà sí i tó, ẹ bi ìyá tó bá gbé ọmọ wá ìgbà tí ọmọ náà yàgbẹ́ gbuuru kẹ́yìn. Ẹ kí wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó bèèrè o. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un dání lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.