Irorẹ́ líle: àwọn oògùn tí ó wà fún un, àti ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lò

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Irorẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kì í ṣe ẹyọ méjì mẹ́ta tí ó máa ń yọ níwájú orí ọ̀dọ́ tí yóò sì gbẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èyí tí ó máa ń wú ní kókó-kókó lábẹ́ awọ ni mo ní lọ́kàn, èyí tí ó ń gba ọyún, tí ó ń dun ènìyàn bí ó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìrọ̀rí, tí ó sì ń fi àpá sílẹ̀ lójú, ní àyà tàbí ní ẹ̀yìn. Bí tiyín bá jẹ́ irú rẹ̀, kò sí ọṣẹ tí ó lè wò ó, ìbáà ṣe ọṣẹ dúdú ìyá àgbà tàbí èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Dókítà awọ ara ni kí ẹ lọ rí, irú àwọn tí ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó.

Nǹkan mẹ́rin ni ó máa ń pàdé kí irorẹ́ tó wáyé: àwọn àpò epo kéékèèké inú awọ ń da epo jù, ihò tí irun ń gbà jáde dí, kòkòrò kan tí ó ń gbé lára gbogbo wa, tí wọ́n ń pè ní Cutibacterium acnes, pọ̀ sí i nínú ihò náà, ara sì bínú, ó wú. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń pa oògùn pọ̀ dípò kí ó kọ ẹyọ kan ṣoṣo.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, adapalene ni ẹ ó máa fi pa ojú lálẹ́, benzoyl peroxide ní òwúrọ̀, ẹ ó sì máa gbé doxycycline, oògùn apakòkòrò, mì. Ife omi kan gbáko ni kí ẹ fi mu doxycycline, kí ẹ má sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun. Kì í ṣe oògùn aláboyún, kì í sì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8. A kì í lò ó ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, a kì í sì í lò ó láìsí benzoyl peroxide, kí oògùn náà má baà mọ́ kòkòrò lára. Ní ti benzoyl peroxide, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ń ṣiṣẹ́ tó bí èyí tí ó jẹ́ ìdá 10 ṣe ń ṣe, ta-ta rẹ̀ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń pa aṣọ láwọ̀ dà o. Nílé tiwa, ìrọ̀rí funfun nìkan ni ẹni tí ó ń lò ó láṣẹ láti fi sùn.

Ó wá ku ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Adapalene kì í ṣe ohun tí à ń kán sórí irorẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ni ẹ ó tẹ́ sí gbogbo ojú, títí dé ibi tí ó mọ́ lónìí, nítorí pé irorẹ́ tí ẹ óò rí lóṣù tí ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ awọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú lè gbẹ, ó lè bó, irorẹ́ pàápàá lè pọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ fi alẹ́ kan sílẹ̀ láàárín méjì, ṣùgbọ́n ẹ má dáwọ́ dúró! Ọ̀sẹ̀ 12 ni a fi ń mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjìlá! Nígbàkúùgbà tí mo bá rí ẹni tí ó da tirẹ̀ nù ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu tí ó sì ń hú ebè lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá ó ti ta ni mo máa ń rántí. Iṣu a máa ta gbòǹgbò kí ewé tó yọ. Ẹni tí ó bá ń hú u ṣáá kò ní í rí iṣu jẹ, ilẹ̀ ni yóò sì máa bú.

Àìnísùúrù yìí náà ni ó ń gbé wọn lọ sídìí ìpara inú túùbù tí ó ní clobetasol tàbí betamethasone, àwọn oògùn tí à ń pè ní steroid, tí àwọn olùta ń pò mọ́ ìpara ìbóra. Ojú á mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé steroid ń pa ìbínú ara. Lẹ́yìn náà ni awọ á fẹ́lẹ́, tí irorẹ́ mìíràn tí steroid fúnra rẹ̀ fà á sì bo ojú. Ẹ má fi steroid pa irorẹ́. Mo tún un sọ: Ẹ MÁ FI STEROID PA IRORẸ́!

Bí ọ̀nà àkọ́kọ́ kò bá tó, tàbí tí àpá ti ń yọ, isotretinoin, oògùn tí à ń gbé mì, ni ó kàn. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1982, òun nìkan ni ó sì ń kọjú sí nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kà. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, láti ìdajì mìlígíráàmù sí odidi kan fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, fún bí oṣù mélòó kan. Oúnjẹ tí ọ̀rá wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi mu ún. Ètè yóò gbẹ dandan. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, bí ọkàn bá sì rẹ̀wẹ̀sì, ẹ sọ fún dókítà kíákíá. A kì í pa á pọ̀ mọ́ doxycycline. Èyí tí ó ga jù nìyí: ó ń ba ọmọ inú oyún jẹ́ gidigidi. Obìnrin tí ó lè lóyún gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún, kí ó sì fètò sọ́mọ bíbí láti oṣù kan ṣáájú títí di oṣù kan lẹ́yìn oògùn. Ẹ má rà á ní kẹ́míìsì fúnra yín, ẹ má sì bu tiyín fún ọ̀rẹ́.

Fún obìnrin tí irorẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí àgbọ̀n nígbà tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, dókítà lè lo spironolactone, oògùn oníhóró tí òun náà kò yẹ aláboyún. Bí kókó ńlá kan bá sì ń dun yín, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ fún triamcinolone díẹ̀ sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé steroid ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan láti ọwọ́ dókítà kì í ṣe ìpara àràárọ̀.

Ní ti àmì dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀, ìpara tí ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn ni kí ẹ máa lò, yóò sì máa ṣá díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àpá tí ó jìn nílò ìtọ́jú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí irorẹ́ bá dáwọ́ dúró pátápátá, ẹni tí àpá ara rẹ̀ sì máa ń wú gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kan awọ rẹ̀.